Ẹ̀rù Ọkọ̀, Kì í Ṣe Ẹ̀rù Ọkọ

Ìsọ̀ mi ní Bẹyẹrúnká,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àlàásàrì.

Ràfíátù, Àníkẹ́ mi, àkọ́bí mi,

Wá ibì kan jókòó sí kí o tó ka lẹ́tà yìí, torí ó máa gùn. Bí àbúrò mi Sìkírátù, àǹtí rẹ tó gbà ọ́ sílé, bá ń yọjú wò ó láti ẹ̀yìn rẹ, sọ fún un pé mo kí i, kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ níná. Ṣé o ń jẹun? Èmi wà, ìyá rẹ náà wà, iná ni ò sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi dákẹ́, agbádá ọkọ ìyàwó kan sì wà níwájú mi tí mo ti ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ dé ìdajì.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi, tó ní fóònù, tó sì lè gun ọ̀kadà dé Òkè Bọ́lá kí omi tó hó, fi jókòó tó ń kọ lẹ́tà. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbàkígbà tí mo bá fẹnu bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ariwo mi ní í kọ́kọ́ dé etí rẹ, ọ̀rọ̀ mi kì í débẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tí mo wá, kí n tó sọ gbólóhùn kejì, o ti ń sunkún, èmi ti ń pariwo, àǹtí rẹ sì ti ń ti fèrèsé nítorí àwọn aládùúgbò. Bébà kì í pariwo. Mo sì ń wá nǹkan tí ọwọ́ mi yóò máa ṣe, torí láti ìgbà tí mo ti fi obì sílẹ̀, ara mi ò gbé ibì kan. Mo ti dìde, mo ti jókòó, mo tún ti dìde láti ìgbà tí mo ti kọ orúkọ rẹ sókè yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Lọ́la Jímọ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì, tó ń fi ọ̀rọ̀ bá ọ wo ẹ̀rù ọkọ̀ tó ń bà ọ́, ń retí rẹ fún ìjókòó tó kù. Ní Sátidé, Kàmọ́rù ọkọ rẹ ń bọ̀ láti Ìlọrin, yóò gbé ọkọ̀ wá láti wá mú ọ lọ sílé rẹ. Ilé ìwé tó gbà ọ́ ṣe olùkọ́ níbẹ̀ náà ń retí rẹ. Àmọ́ o ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí pé o ò lọ sọ́dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì mọ́, torí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n mi, sọ pé múyè ni obìnrin náà ń ṣe. Èmi ní kí o lọ. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síwájú yìí, ìdí tí mo fi ní kí o lọ ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìtàn náà sọ bó ṣe rí gan-an, torí oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ kiri ní Ọjà'ba. Ẹnikẹ́ni ò lù ọ́. Ọkọ̀ ò gbá ọ rí. Ọmọ tó ń gun ọ̀kadà kọjá ní Bẹẹrẹ láti kékeré, tó ń jẹ gúgúrú lórí rẹ̀, ni ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì yín, nígbà tó di pé kí o máa tẹ̀lé ọkọ rẹ lọ, o ti wọlé, o ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Oòrùn mú. Wọ́n ti gbé gíláàsì sókè nítorí eruku. Ni Bàbá Àgbà bá gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀, ó ní ẹ jẹ́ ká fi àdúà sìn wọ́n. O kúkú mọ ẹnu Bàbá Àgbà.

Ó ní, "Ọkọ̀ yìí ò ní dànù." A ní àmín. "Táyà ò ní bẹ́ lórí eré." Àmín. "Bírékì ò ní já. Tírélà ò ní já lù yín. Iná ò ní jó yín mọ́nú ọkọ̀. Wọn ò ní fi aṣọ ìyàwó dì ọ́ padà wálé." Àmín, àmín, àmín. Tọmọdé tàgbà agboolé wa ló yí ọkọ̀ náà ká, àmín ń dún lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán. Ohùn tèmi gan-an ló ròkè jù.

Kí ó tó parí, òógùn ti bò ọ́, o ti ń wá ọwọ́ ilẹ̀kùn. O ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ̀ ná." O sọ̀ kalẹ̀, a rò pé omi lo fẹ́ mu. Láti ọjọ́ náà o ò tíì wọ ọkọ̀ mọ́, ọ̀kadà pàápàá o ò gùn. Òkè Bọ́lá tí o wà yẹn, nígbà tí ariwo mi lé ọ kúrò nílé, ẹsẹ̀ lo fi rìn ín láti Bẹyẹrúnká, pẹ̀lú àpò lórí.

Èyí tó wá dá kún un ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ. Mo mọ̀ pé tọkàntọkàn lo fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n, Àníkẹ́, ìwọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, o wá kọ Yorùbá láì fi àmì kan ṣoṣo sí i! "E ma binu ma, eru oko lo n ba mi." Ìyá Kàmọ́rù kà á ní Pópó Yemọja, ó pariwo, ó ní, "Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rù ọkọ ló ń bà á! Kí ni ọmọ mi fi ṣe ọmọ ọlọ́mọ?" Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti mú Kàmọ́rù dúró sáàárín ilé. Ṣé ó lù ọ́ ni? Àbí ó ní ìyàwó mìíràn ní Ìlọrin?

Nígbà tí àwọn àna wa wá bá wa, ìyá rẹ ló là á yé wọn. Ó dìde dúró, ó na ìka, ó ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ọkọ̀! Ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì, tó ní táyà mẹ́rin. Kì í ṣe ọkọ tó ní ẹsẹ̀ méjì." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti ń lọ, ó dúró dè mí lẹ́bàá ògiri, ó ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ èmi lẹ̀rù ẹ̀ ń bà á lóòótọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pa mọ́ fún mi." Ó dùn mí wọra. Mo ní ọkọ̀ ni, ọmọ mi, ọkọ̀ ni. Ó mi orí, àmọ́ n ò rò pé ó gbà á tán, àwọn àgbà wọn náà ò sì gbà á. Wọ́n ní Sátidé yìí ni kí a jẹ́ kó hàn bóyá o fẹ́ ilé náà tàbí o ò fẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí n ò fi lè jókòó jẹ́ẹ́.

Nísinsìnyí, ìmọ̀ràn. Mo fẹ́ tò ó ní ẹyọ ẹyọ.

Èkíní: má tijú. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì láti lọ bá a jà, o ò mọ̀. Nígbà tí àǹtí rẹ mú ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán, Bàbá Àgbà ti lọ wo pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní wọ́n kọ haipinotẹ́rápì síbẹ̀, òun bi ẹnì kan léèrè, ẹni náà sì ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mú èèyàn bí ẹni tó fẹ́ sùn ni. Ó ní, "Wọ́n ń mú ọmọ ẹ níyè, ìwọ ń rán agbádá." O mọ ohun tí à ń pè ní múyè ní Ìbàdàn níbí: kí gbájúẹ̀ fọwọ́ kan èèyàn léjìká nínú ọjà, kí onítọ̀hún lọ sílé lọ kó gbogbo ohun tó ní wá fún un, kó tún dúpẹ́. Mo fi fìlà bojú, mo gbéra.

Mo bá obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọ onígbàgbọ́, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Mi ò kí i. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ń mú ọmọ mi níyè?"

Ó ní, "Ẹ káàsán o, Bàbá Ràfíátù. Ojú ẹ̀ lẹ ní. Ẹ jókòó. Kí lẹ ń jẹ lẹ́nu?"

Mo ní obì ni, kí ló kàn án níbẹ̀. Ó ní kò kan òun, àmọ́ mo ti ń bu òmíràn kí n tó gbé ti àkọ́kọ́ mì, ẹsẹ̀ mi sì ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí kápẹ́ẹ̀tì òun. Ó ní, "Ṣé ẹ máa ń rí oorun sùn, Bàbá?" Ọmọ mi, ìbéèrè yẹn bá mi lójijì. Ìyá rẹ ló máa ń bèèrè irú ẹ̀, èmi a sì fi ariwo dá a lóhùn. Mo jókòó.

O mọ bí obì ṣe wọ̀ mí lẹ́wù tó. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti ń jẹ ẹ́ kí oorun má baà kùn mí nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, oorun ọ̀hún ò wá mọ́ rárá, ìbínú ló kù. Mo ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí alágídí ń gbà. Mo búra nínú oṣù ààwẹ̀, mo sì ń ka wákàtí títí di ìṣínu, kì í ṣe nítorí oúnjẹ. Mo da obì sínú gọ́tà, mo tún ra òmíràn kí n tó délé. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, mo tú àpótí aṣọ rẹ̀ wò. Èrò mi ni pé ẹni tí kò bá lè fi agídí ṣẹ́gun ara rẹ̀, ọ̀lẹ ni. Irọ́ ni. Agídí kì í mú ọkàn balẹ̀, ńṣe ló máa ń rú u sókè.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di oníbàárà ẹni tí mo wá bá jà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, tí ìyá rẹ bá bi mí, mo ní mo lọ wo òwú. Ní ọjọ́ kan tí mo rí ọ tí o ń jáde ní ilé rẹ̀, ẹ̀yìn ilé ìtajà kan ni mo sá sí. Bàbá ń sá fún ọmọ. Ìtìjú nìyẹn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ náà ti jókòó níbẹ̀.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí òun bá mi sọ. Ó ní òun ò ní sọ ohun tí n ò bá fẹ́, àti pé bí mo bá fẹ́ dìde láàárín, kí n dìde. Gbájúẹ̀ wo ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni? Gbájúẹ̀ máa ń kán èèyàn lójú ni, kì í jẹ́ kó mí. Ó ní kí n wo ojú kan lára ògiri, kí n máa mí, kí n jẹ́ kí èjìká mi wálẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò yára. Mo ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Ọlọ́kadà kan ń bú ẹnì kan níta, mo gbọ́ èébú náà délẹ̀, mo lè tún un sọ fún ọ. Kò kàn ṣe mí bíi kí n dìde lọ wò ó ni. Ó rí bí ìgbà tí ọwọ́ mi bá wọ iṣẹ́ ọrùn agbádá, tí ìyá rẹ á máa pè mí síbi oúnjẹ, tí n ó máa gbọ́ ọ, tí n ò ní dáhùn. Ó ní irú àkókò yẹn ni inú èèyàn máa ń gba ọ̀rọ̀ wọlé. Ìyẹn náà ni gbogbo awo rẹ̀.

Ṣé obì ti tán lára mi? Rárá. Láàárọ̀ yìí mo dúró níwájú Gàm̀bàrí tó ń ta gbànja lẹ́bàá ọ̀nà Mápó. Ó ní, "Àlàájì, kò sí ọjà lónìí?" Mo ní kò sí. Mo rìn kọjá, ẹsẹ̀ mi wúwo. Àmọ́ mo kọjá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tèmi ti yí padà, ọ̀rọ̀ rere ló ń dá obì padà sí àpò. Mo sì ti ń sùn díẹ̀ lóru. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo dìde lọ mu omi. Mo ti dé.

Èkejì, èyí gan-an ni mo fẹ́ kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ Mápó, ọ̀gá mi gbé aṣọ funfun kan fún mi, àkọ́kọ́ tí n ó dá ṣe ọrùn rẹ̀. Ó dúró lórí mi, ó ní, "Má ba aṣọ yìí jẹ́ o. Má jẹ́ kí ọwọ́ ẹ gbọ̀n o. Má jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yà o." Àníkẹ́, mi ò tíì mọ̀ pé ọwọ́ mi lè gbọ̀n kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Abẹ́rẹ́ yà, ó sáré gba ọ̀tún lọ, ó fa àyà aṣọ olówó ya. Mo sá kúrò níbi iṣẹ́ náà. Odidi ìgbà òjò kan ni mo fi ń ru búlọ́ọ̀kù kiri, mo ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ aránṣọ. Ìyá mi ló fi ẹ̀bẹ̀ dá mi padà. Lọ́jọ́ tí mo padà, ọ̀gá ò ráyè bú mi, ó ń bá àlejò lọ. Ó kàn fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí aṣọ, ó ní, "Tẹ̀lé ìlà." Ọwọ́ mi rí ibi tó ń lọ, ó sì lọ. Nígbà náà, mo rò pé ọjọ́ orí ló fà á. Mo ṣèṣẹ̀ mọ ohun tó fà á ni.

Màmá Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni wọ́n sọ nígbà tí o wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yìgì. Mo kà á fún un, táyà, bírékì, tírélà, iná, gbogbo ẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Háà, Bàbá. Ẹ ti ṣe iṣẹ́ mi ṣáájú mi. Ibì kan náà, ooru, ohùn kan náà, gbogbo ará ilé ń ṣe àmín. Ìjókòó lẹ ṣe fún un. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi sí i ló yàtọ̀."

Mo ní a ní ọkọ̀ ò NÍ dànù ni.

Ó ní, "Tí mo bá ní kí ẹ má rántí obì, kí ló dé yín lẹ́nu?" Itọ́ ló kún ẹnu mi. Ó ní ọkàn kì í ya àwòrán "kò ní." Ọkọ̀ tó dànù ló ń yà.

Inú bí mi. Mo ní àdúà ni a ṣe, àdúà ò sì pa ẹnikẹ́ni lára rí, kó fi ẹ̀sìn wa sílẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ní, "Bàbá, Ọlọ́run gbọ́ àdúà yín. Ràfíátù náà gbọ́ ọ." Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, n ò lè gun ọ̀kadà, kì í ṣe ẹ̀rù, ọ̀rọ̀ náà ló kún inú mi.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé: ohun tí o fẹ́ ni kí o máa sọ fún ara rẹ, kì í ṣe ohun tí o ń sá fún. Má sọ pé ẹ̀rù ò ní bà ọ́. Wò ó, èmi fúnra mi tún ti kọ "má". Bó ṣe le tó nìyẹn. Wá gbólóhùn kan tó ní ibi tó ń lọ. Kí o jókòó láàárọ̀, kí o wo ojú kan, kí o mí títí èjìká rẹ á fi wálẹ̀, kí o sọ ọ́. Má sọ gbólóhùn náà fún mi, tìrẹ ni. Màmá Nọ́ọ̀sì ní ìdí tí òun fi ń kọ́ni nìyẹn, kí èèyàn lè máa ṣe é fúnra rẹ̀ nílé, kó má baà sọ òun di ọ̀pá ìtilẹ̀ tí onítọ̀hún ò ní lè rìn láì mú un dání. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ló wúlò fún. Nígbà tí o bá kọ́kọ́ dúró níwájú kíláàsì, tí ọ̀fun rẹ gbẹ, lò ó. Nígbà tí ọkọ bá bí ọ nínú tí ẹnu ń yún ọ, lò ó kí o tó dáhùn. Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ, àwo tó wà nílé wa ì bá pọ̀ ju báyìí lọ.

Ẹ̀kẹta. Sọ̀rọ̀ fún Kàmọ́rù, ẹnu lo máa fi sọ ọ́. Tó bá sì di dandan kí o tẹ̀ ẹ́, fi àmì sí i, mo bẹ̀ ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, o ti rí èyí tó bọ́. Sọ fún un bí àyà rẹ ṣe ń já, bó ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí o ń ṣe sí i. Ọkùnrin tí kò mọ ohun tó ń ṣe ìyàwó rẹ̀ á rò pé òun ni. Kàmọ́rù ti ń rò bẹ́ẹ̀. Ó pè mí lánàá, ó ní òun lè fi iṣẹ́ Ìlọrin sílẹ̀ kó padà wá sí Ìbàdàn. Mo ní kó ṣì dúró ná. N ò fẹ́ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí táyà tí kò bẹ́.

Mo ti gbàgbé nọ́ńbà tí mo wà. Nípa Bàbá Àgbà: kò burú sí ọ o. Ìfẹ́ ló fi ka gbogbo jàm̀bá yẹn, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo lọ bá a lánàá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá wa ṣe àdúà lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ táyà."

Ó ní, "Kí lo wá ní kí n dárúkọ?"

Mo ní kó sọ ohun tó fẹ́ fún ọ nìkan. Ó gbìyànjú níwájú mi. Ó ní, "Wàá dé láyọ̀. Wàá bá ilé láyọ̀. Wàá bímọ. Bírékì ò ní..." Ó wò mí. Ó ní, "Nǹkan yìí le o, àbúrò." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi yọjú. Ó ṣì ń pè é ní múyè. Jẹ́ kó máa pè é bẹ́ẹ̀, kí o sì máa kí i pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Ọ̀kan tún nìyí, n ò ní nọ́ńbà fún un. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ìjókòó ń wò. Bí ara bá gbóná, ilé ìwòsàn. Bí ìbànújẹ́ bá dì mọ́ èèyàn tí kò lọ, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí i, Màmá Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fi haipinotẹ́rápì fọ́nnu, tó ní ìjókòó kan ṣoṣo lòun fi ń wo gbogbo àìsàn, tàbí tó ní kí o má mú ẹnì kankan tẹ̀ lé ọ, sá fún un. Lọ́la, mú àǹtí rẹ dání. Kó jókòó sí pálọ̀, kó máa gbọ́ gbogbo ẹ̀. Òun náà á rí nǹkan sọ ní Òkè Bọ́lá.

Iná ti dé. N ò tan ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ kan kù tó ń lé mi dìde láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, bí n ò bá sọ ọ́, mo kàn fi bébà ṣòfò ni.

Ràfíátù, nígbà tí o sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tí o wọlé padà, inú mi dùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìnkùlé, o ń bá ìyá rẹ jà lórí omi, mo ní àlùhamdulílàì, ọmọ mi ṣì wà nílé. Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́, mo mọ̀ pé ọkọ rẹ ń wo ọ̀nà, síbẹ̀ inú mi dùn, mo sì jẹ obì sí i. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pariwo pé kí o lọ. Ẹnu mi ń lé ọ, ọkàn mi di ìró rẹ mú. Ó lè jẹ́ pé ìwọ náà ń gbọ́ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ariwo mi kì í fi yé ọ. Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n kí o tó lọ sí ìjókòó lọ́la, kí ó má lọ jẹ́ pé ẹrù tèmi lo tún ń gbé kún tìrẹ.

N ò ní wá síbi ọkọ̀ wá ṣe àmín ní Sátidé. Èmi ni n ó ṣílẹ̀kùn fún ọ. Bí o bá fẹ́ kí n bá ọ jókòó sẹ́yìn dé Ọ̀yọ́, n ó jókòó, n ó sọ̀ níbẹ̀, n ó wọ ọkọ̀ mìíràn padà. Bí o bá fẹ́ dá lọ pẹ̀lú ọkọ rẹ, n ó pa ilẹ̀kùn náà dé jẹ́ẹ́. Kí o rí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá, kí ẹ dúró ra nǹkan jẹ, kí o bú sẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan tí Kàmọ́rù sọ, kí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣí yàrá rẹ.

Lọ́jọ́ yìgì, àwọn ààfáà bi mí lójú gbogbo èèyàn pé ṣé mo yọ̀ǹda rẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì gbà á. Ẹnu mi nìkan ló sọ ọ́. Lónìí, tí ẹnikẹ́ni ò bi mí, mo yọ̀ǹda rẹ, Àníkẹ́. Máa lọ.

Bàbá rẹ.